Ọbẹ̀ Tó Dùn, Owó Ló Pa Á: Sáfíìsì Lọ́dọ̀ Dílà àti Wáráńtì Ọkọ̀ Tuntun

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Wáráńtì ọkọ̀ tuntun kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó rẹ̀ ti wà nínú iye tí wọ́n ta ọkọ̀, ẹni tó rà á yóò sì tún máa san díẹ̀ kún un nígbàkigbà tó bá gbé e lọ fún sáfíìsì lọ́dọ̀ dílà, ìyẹn aṣojú iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, nítorí owó iṣẹ́ dílà sábà máa ń ga ju ti mẹkáníìkì àdúgbò lọ. Ní Festac àti gbogbo Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin ní Èkó, mẹkáníìkì kò jìnnà sílé ẹnikẹ́ni, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ASPAMDA sì wà ní Trade Fair lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ó tọ́, nígbà náà, kí onímọ́tò béèrè bóyá owó dílà yẹ ní sísan.

Wáráńtì jẹ́ àdéhùn. Bí ohun kan nínú ọkọ̀ bá bàjẹ́ nítorí àbùkù tó ti ọwọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe é wá, dílà yóò tún un ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Àdéhùn náà ní gbèdéke méjì, ti ọdún àti ti kìlómítà. Bí ìwé bá sọ pé ọdún 3 tàbí kìlómítà 100,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ló fòpin sí i. Wáráńtì kì í sábà kan ohun tí ìlò ń jẹ tán, bíi páàdì bíréèkì, táyà, wáípà àti fílítà. Kì í kan ìjàǹbá, kì í kan omi òjò tó wọ ẹ́ńjìnnì, kì í sì í kan epo burúkú. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba kéde pé bẹntiróòlù tí mẹ́táńọ̀ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ ti wọ ọjà Nàìjíríà. Ẹni tí irú epo bẹ́ẹ̀ bá ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́, ìwé wáráńtì kọ́ ni yóò fi gba ẹ̀san, sáfíìsì rẹ̀ ìbáà pé pérépéré.

Àsìkò sáfíìsì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá máa ń ya ìlò wọ́ọ́rọ́wọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìlò líle, ó sì máa ń ka ooru, eruku àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́ ìlò líle. Irú ìlò líle bẹ́ẹ̀ wà ní Mile 2, níbi tí ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì àti ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ti pàdé, tí ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí èbúté àti danfo ti jọ ń du ojú títì. Ọkọ̀ tó há síbẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì rẹ̀ ń gbó, ṣùgbọ́n kìlómítà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí ìwé sáfíìsì fi máa ń dá oṣù pẹ̀lú kìlómítà, irú bíi kìlómítà 5,000 tàbí oṣù 6. Ẹni tó bá ń wo kìlómítà nìkan lè ti kọjá àsìkò láìmọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá dẹnu kọlẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí dílà yóò wò ni ọjọ́ tó wà nínú ìwé sáfíìsì.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ìlú Ọjọ́ lọ́dún 1975, mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tú ẹ́ńjìnnì Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá palẹ̀ kó sì tò ó padà láìlo ju sípánà àti ìrírí lọ. Ọkọ̀ òde òní ní kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, jíà, bíréèkì àti àpò atẹ́gùn tó ń gba èèyàn là nínú ìjàǹbá. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí iléeṣẹ́ ṣe fún ọkọ̀ tirẹ̀ wà lọ́wọ́ dílà, àtúnṣe tuntun tí wọ́n bá sì ṣe sí kọ̀ǹpútà náà, ọ̀dọ̀ dílà ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Èyí jẹ́ ara ohun tí owó sáfíìsì ń rà.

Òfin kò fi oníbàárà sílẹ̀ láìní ààbò. Ní Amẹ́ríkà, láti 1975 ni òfin kò ti gba iléeṣẹ́ láyè láti sọ pé wáráńtì ti bàjẹ́ kìkì nítorí pé ẹlòmíràn ló ṣe sáfíìsì. Ní South Africa, ìlànà àjọ tó ń bójú tó ìdíje ọjà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù keje 2021, fún onímọ́tò lẹ́tọ̀ọ́ láti yan mẹkáníìkì tó wù ú nígbà tí wáráńtì ṣì wà. Ní Nàìjíríà, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, sọ pé olùtajà kò gbọdọ̀ fi ríra ohun kan ṣe dandan kí oníbàárà tó rí òmíràn rà, àyàfi bí àǹfààní tó wà nínú irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà bá ju ìdíwọ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n níbi gbogbo, ẹ̀tọ́ ń fẹ́ ẹ̀rí. Bí ọ́ìlì tí kò bá ẹ́ńjìnnì mu bá ba nǹkan jẹ́, kò sí òfin tí yóò fi ẹ̀bi náà lé iléeṣẹ́ lórí. Ẹni tí kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́ yóò pẹ́ lẹ́nu ẹjọ́ kó tó rí ẹ̀tọ́ gbà.

Ìṣirò ló yẹ kó parí àríyànjiyàn. Ká ní sáfíìsì dílà fi ₦70,000 ju ti àdúgbò lọ, kí ọkọ̀ sì máa rin kìlómítà 20,000 lọ́dún. Ní kìlómítà 5,000 síra, sáfíìsì 12 ni yóò wáyé láàárín ọdún 3, àfikún owó náà yóò sì jẹ́ ₦840,000. Kí onímọ́tò wá béèrè lọ́wọ́ dílà iye tí jíà, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì àti kọ̀ńpírésọ̀ éésì ọkọ̀ náà jẹ́ ní tuntun. Bí owó ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá ju àfikún náà lọ, wáráńtì náà tọ́ sí ìpamọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi ọkọ̀ kérò yàtọ̀. Ọkọ̀ tó ń rin kìlómítà 50,000 lọ́dún yóò ti lo kìlómítà 100,000 tán ní ọdún 2, lẹ́yìn sáfíìsì 20, àfikún tirẹ̀ yóò sì di ₦1,400,000.

Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Ẹni tó ń sanwó fún dílà kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kejì ba wáráńtì jẹ́. Ààbò wáráńtì lórí iná ọkọ̀ lè bọ́ lọ́jọ́ tí rẹwáyà ẹ̀gbẹ́ títì bá gé wáyà láti fi àláàmù tàbí rédíò sí i. Kí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́, kìlómítà, irú ọ́ìlì àti orúkọ ohun tí wọ́n pààrọ̀, kí òǹtẹ̀ dílà sì wà nínú ìwé sáfíìsì. Ohun tí kò sí nínú ìwé náà, bíi fífọ ẹ́ńjìnnì nínú tàbí fífọ ojú ibi tí epo ń gbà wọlé, kò di dandan. Onímọ́tò lè sọ pé òun kò fẹ́ ẹ, wáráńtì rẹ̀ kò ní torí ìyẹn bàjẹ́.

Ìgbà ara là ń búra, ẹnì kan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ariwo kékeré nínú jíà tàbí omi tó ń jò lábẹ́ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ di kíkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dílà kí gbèdéke tó pé. Ní oṣù kan sí ìparí wáráńtì, ó yẹ kí onímọ́tò ní kí dílà yẹ gbogbo ara ọkọ̀ náà wò, kó sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ.

Lẹ́yìn tí wáráńtì bá parí, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kò sí àdéhùn mọ́ tó ń so ọkọ̀ mọ́ dílà. Mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dunjú, tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, tó sì ń lo ojúlówó ẹ̀yà ara, lè tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ayédèrú fílítà àti páàdì bíréèkì pọ̀ lọ́jà, nítorí náà kí onímọ́tò ra ẹ̀yà ara lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ rìsíìtì tó sì ń gba ọjà padà bí kò bá bá ọkọ̀ mu.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí, nítorí wáráńtì sábà máa ń wà fún orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kọ́kọ́ ta ọkọ̀. Ọkọ̀ tuntun tí oníṣòwò kan kó wọlé fúnra rẹ̀ lè wà nínú irú ipò kan náà, nítorí náà kí olùrà béèrè, kó tó sanwó, dílà wo ni òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìwé wáráńtì. Ohun tó ṣe kókó fún tòkunbọ̀ ni nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀, tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Bí ọkọ̀ náà bá ti Amẹ́ríkà wá, a lè fi nọ́ńbà yìí wò ó lórí ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń bójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, bóyá iléeṣẹ́ ti pè é padà fún àtúnṣe, irú bí wọ́n ṣe pe àìmọye ọkọ̀ padà nítorí àbùkù inú àpò atẹ́gùn tí iléeṣẹ́ Takata ṣe.

Ìdájọ́ ọ̀rọ̀ náà kò le. Bí wáráńtì bá jẹ́ ojúlówó, tí ìṣirò sì gbè é, kí onímọ́tò san owó dílà títí gbèdéke yóò fi pé, láìfo ọjọ́ sáfíìsì kankan, kó sì pa gbogbo ìwé mọ́. Lọ́jọ́ tí wáráńtì bá parí, kó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́, kó sì máa fi owó tó bá ṣẹ́kù ra ojúlówó ọ́ìlì àti ojúlówó ẹ̀yà ara.