Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Búlọ́ọ̀kù Yẹn Jù Nù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà ní Manchester, ẹ̀yin tí ẹ fi owó iṣẹ́ òru ra MGF tàbí Porsche Boxster àlòkù, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Mọ́tò asáré tí a máa ń wò lórí kàlẹ́ńdà nígbà tí a wà ní kékeré ti dé ibi tí ọwọ́ yín tó o. Ẹ rà á, inú yín dùn, èmi náà bá yín yọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rú lẹ́yìn, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó lọ sókè pátápátá, ẹnì kan sì wí fún yín pé: "Búlọ́ọ̀kù ti sán. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ jù nù, ká gbé òmíràn sí i. Ọjọ́ méjì péré." Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Búlọ́ọ̀kù ni egungun ẹ́ńjìnnì. Inú rẹ̀ ni písítìn ti ń lọ sókè sódò, inú rẹ̀ náà ni ọ́ìlì àti omi ti ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọjá láì pàdé. Ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé, ọ́ìlì á funfun bí ògì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì tó funfun ló túmọ̀ sí pé búlọ́ọ̀kù ti bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń tan ọ̀pọ̀ yín jẹ.

Ẹ gbé MGF yẹ̀ wò. Ẹ́ńjìnnì K-Series tí Rover ṣe, tó wà nínú MGF láti 1995 àti nínú Lotus Elise láti 1996, alumíníọ̀mù ni. Àwọn bóòtù gígùn ló gún un láti orí dé ìsàlẹ̀, bí igi ṣe ń gún ẹran sùyà, àwọn ló sì di gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ayé mọ̀ sí oníwàhálà; òun náà lè sọ ọ́ìlì di funfun láì kan búlọ́ọ̀kù. Ẹ́ńjìnnì wà láàárín ọkọ̀, rádíétọ̀ wà níwájú, páìpù gígùn ló so wọ́n pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú páìpù yẹn nígbà tí wọ́n ń da omi tuntun sí i, mọ́tò á tún gbóná. Bí wọ́n bá sì ṣí orí ẹ́ńjìnnì náà, tí ẹnì kan fọwọ́ yí i láì kọ́kọ́ di àwọn láínà tí písítìn ń rìn nínú wọn mú, àwọn láínà náà á ṣí kúrò nípò. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ á ní búlọ́ọ̀kù ló kú, nígbà tó jẹ́ òun gan-an ló ń pa á.

Ti Porsche yàtọ̀. Nínú Boxster tó jáde ní 1996 àti 911 tó tẹ̀ lé e ní 1997, bíárìn kékeré kan wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní IMS. Bó bá fọ́, irin wẹ́wẹ́ á bá ọ́ìlì rìn káàkiri, ẹ́ńjìnnì á sì parun. Ẹni tó bá gbé ẹ́ńjìnnì àlòkù irú rẹ̀ sí i láì yẹ bíárìn náà wò, àrùn kan náà ló tún fowó rà.

Èyí tó burú jù ni àbùlẹ̀ tí wọ́n fi iná wẹ́dà jó mọ́ búlọ́ọ̀kù tó sán. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì M60 lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú ọmọ ọ̀rẹ́ mi, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú ibi tí wọ́n jó lára búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ti là lórí eré. Ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ yẹn, bíi MGF àti Boxster, wà níwájú táyà ẹ̀yìn gan-an: ọ́ìlì gbígbóná dà sábẹ́ táyà, mọ́tò sì yí lẹ́ẹ̀mejì kó tó dúró. Ká ní ọkọ̀ akẹ́rù wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, òkú rẹ̀ là bá gbé fún ìyá rẹ̀. Ọ́ìlì tó bá sì kan páìpù èéfín tó ti gbóná lè gbiná, ẹ̀yìn ìjókòó yín sì ni iná náà á wà.

Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi irin yíyọ́ dà kì í gba iná wẹ́dà bẹ́ẹ̀ yẹn. Bí iná bá kàn án lójú kan tí ìyókù tutù, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó ni yóò tún ti sán. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń mú gbogbo rẹ̀ gbóná díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀. Tàbí kí wọ́n má lo iná rárá: wọ́n á lu ihò sójú sísán náà, wọ́n á fi ìdè irin àti skúrù mú un, bí àwọn ìyá wa ṣe ń rán igbá tó là. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ má da oògùn inú ìgò tí wọ́n ní ó ń dí ojú sísán sínú mọ́tò asáré. Ó lè dí ojú ihò omi tí kò sán.

Ọ̀rọ̀ ìwé ńkọ́? Nílé, ọ̀pọ̀ wa gbé ẹ́ńjìnnì àlòkù tí a ń pè ní "Belgium" láti ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, a sì ń wakọ̀ lọ. Níhìn-ín, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní V5C. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, ilé iṣẹ́ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì yín náà. Òfin 2012 lórí ìsọfúnni fún inṣọ́ránsì fún wọn láyè láti kọ̀ láti sanwó bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Bí wọ́n bá fagi lé inṣọ́ránsì yín tí ẹ sì tún wakọ̀ jáde, £300 àti póíǹtì 6 ló ń dúró dè yín, ẹni tí kò tíì pé ọdún 2 tó yege ìdánwò awakọ̀ á sì pàdánù láísẹ́ńsì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti ha nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ọkọ̀ tí wọ́n jí.

Bó bá wá di dandan láti pààrọ̀ búlọ́ọ̀kù, ẹ gba ti àtijọ́ padà. Ẹ fi ọ́ìlì pa á, ẹ fi tapólì bò ó, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò yín lọ́jọ́ iwájú yóò béèrè rẹ̀, owó yóò sì yàtọ̀. Ní ìlú yìí náà ni Henry Royce, ọ̀kan lára àwọn tó dá Rolls-Royce sílẹ̀, ti ra Decauville, mọ́tò Faransé àlòkù tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò jù ú nù. Ó tú u palẹ̀, ó wo ibi tí àṣìṣe wà, ó sì ṣe tirẹ̀ ní Cooke Street ní Hulme, ní 1904.

Mo fi èyí tó kánjú jù sí ẹ̀yìn. Omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, kò sì sí búlọ́ọ̀kù tó lè dá a dúró. Àwọn tó wà níbí ní Oṣù Kejìlá 2010 mọ òtútù tí mò ń sọ. Omi ẹ̀rọ lásán tí ẹ ń bù sí rádíétọ̀ ní Ìbàdàn kò ṣeé lò ní Cheetham Hill. Bí òun ló bá wà nínú mọ́tò yín lálẹ́ òní, ẹ wọ kóòtù, ẹ jáde lọ fà á dànù, kí ẹ sì da omi alántifíríìsì sí i kí ẹ tó sùn.