Ilé Osborne: Ilé tí Ọbabìnrin Victoria Kọ́ fún Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ń kọ́ ilé a máa kọ́ ọ pẹ̀lú ìrètí pé àwọn ọmọ òun ni yóò máa gbé inú rẹ̀ nígbà tí òun kò bá sí mọ́. Irú ìrètí bẹ́ẹ̀ ni Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọkọ rẹ̀, Ọmọ-ọba Albert, ní nígbà tí wọ́n kọ́ ilé tí a ń pè ní Osborne sí etí òkun ní Erékùṣù Wight, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ilé náà yẹ ní mímọ̀ nítorí ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ, àti nítorí àwọn tí ó jogún rẹ̀ tí wọn kò sì fẹ́ ẹ. Ó yẹ ní mímọ̀ pẹ̀lú nítorí ọmọbìnrin ilẹ̀ Yorùbá kan tí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìtàn náà.

Kì í ṣe pé Ọbabìnrin kò ní ibi tí yóò fi orí pamọ́ sí. Ààfin Buckingham wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ààfin Windsor sì ti wà láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n ti oyè ni àwọn wọ̀nyí, ẹni tí ó bá jọba ni ó ń gbé inú wọn. Ààfin kan tún wà ní Brighton, èyí tí Ọba George Kẹrin, ẹ̀gbọ́n baba Victoria, kọ́. Ṣùgbọ́n ìlú ti yí i ká pátápátá, bí Ọbabìnrin bá sì jáde, èrò a máa wọ́ tẹ̀lé e. Ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń fẹ́ ni ibi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, tí wọn yóò ti jẹ́ bàbá àti ìyá ọmọ lásán. Sir Robert Peel, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, bá wọn wá a. Ní ọdún 1844 wọ́n kọ́kọ́ háyà ilé àti ilẹ̀ Osborne láti dán an wò. Ní ọdún 1845 wọ́n rà á lọ́wọ́ ìyáàfin ọlọ́lá kan, Lady Isabella Blachford. Owó ara wọn ni wọ́n fi rà á, kì í ṣe owó ìjọba. Kókó ni èyí, nítorí òun ni ó mú kí ó jẹ́ ogún fún àwọn ọmọ nígbà tí ó yá.

Ilé alájà mẹ́ta kan ti wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ọba àti ìránṣẹ́ ọba. A wó o ní ọdún 1848, nígbà tí apá kan ilé tuntun ti dìde. Ẹnu-ọ̀nà ilé àtijọ́ náà nìkan ni kò ṣègbé: a gbé e lọ sí ara ògiri tí ó yí ọgbà ewébẹ̀ ká, ibẹ̀ ni ó sì wà di òní.

Ẹni tí a gbé iṣẹ́ ìkọ́lé náà fún ni Thomas Cubitt. Ọmọ káfíńtà ni, òun pàápàá sì fi iṣẹ́ káfíńtà bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di ẹni tí ó kọ́ àdúgbò ńláńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, bíi Belgravia àti Pimlico. Ní ìgbà ayé rẹ̀, àṣà àwọn agbaṣẹ́ṣe ni láti kó òṣìṣẹ́ jọ nígbà tí iṣẹ́ bá dé, kí wọ́n sì tú wọn ká nígbà tí ó bá parí. Cubitt kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba mọlémọlé, káfíńtà àti alágbẹ̀dẹ sábẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń san owó iṣẹ́ wọn déédéé. Nítorí náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń yá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1845 ni a fi ìpìlẹ̀ apá ibi tí ìdílé ọba yóò gbé lélẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1846, ọba àti ọmọ ti kó wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ́lé rí mọ ohun tí oṣù 15 jẹ́. Gbogbo ilé náà sì parí ní ọdún 1851.

Ọ̀nà ìkọ́lé ilẹ̀ Ítálì ni a tẹ̀lé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún náà ni àwọn ọlọ́rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ràn ọ̀nà yìí. John Nash ti kọ́ irú rẹ̀ kan, Cronkhill, ní agbègbè Shropshire ní ọdún 1802. Albert fúnra rẹ̀ ti rin ìrìn àjò dé Ítálì ní ìgbà èwe rẹ̀, ó sì sọ pé omi tí ó wà níwájú Osborne mú òun rántí etí òkun Naples. Òun àti Cubitt ni wọ́n jọ fi orí kan orí lórí àwòrán ilé náà. Òrùlé rẹ̀ kò ga ṣónṣó bí ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Gẹ̀ẹ́sì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Orí púpọ̀ nínú àwọn fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Ilé gogoro méjì ni ó yọrí sókè níbẹ̀, ọ̀kan fún àsíá, èkejì fún agogo. Níwájú, ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele-ìpele sí ìhà òkun, pẹ̀lú òdòdó, ère àti orísun omi tí ń tú sókè.

Ẹni tí ó bá dúró lókèèrè yóò búra pé òkúta ni a fi kọ́ ọ. Bíríkì ni. Sìmẹ́ńtì ni Cubitt fi rẹ́ ẹ, tí ó sì fà á ní ìlà títí ó fi rí bí òkúta gbígbẹ́. Ọgbọ́n tí ó tún ju èyí lọ wà nínú àjà: dípò ìtì igi, irin ni ó tẹ́, ó sì fi bíríkì dí àárín wọn, kí iná má baà lè jó ilé náà bí ó ti máa ń jó ilé onígi. Sínú àlàfo àjà náà ni ó sì da ìkarahun òkun sí, kí ariwo ẹsẹ̀ àwọn tí ó wà lókè má baà dé etí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Ilé tí ó kún fún ọmọ nílò irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ 9 ni Victoria bí.

Yàrá ìgbàlejò àti yàrá tí àwọn ọkùnrin ti ń ta bílíádì wà papọ̀, ṣùgbọ́n yàrá kejì ṣẹ́ kọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ jókòó níbi tí Ọbabìnrin bá wà láìgba àṣẹ, ọ̀rọ̀ tí kì yóò ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ààfin àwọn ọba ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí kọ̀rọ̀ náà, àwọn ìjòyè lè jókòó sinmi ẹsẹ̀ wọn níbi tí ojú ọba kò tó, síbẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ bí ó bá pè.

Nínú ọgbà, a kọ́ ilé onígi kékeré kan fún àwọn ọmọ ní ọdún 1853 sí 1854, bí irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Switzerland ń gbé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹbù ilẹ̀ tirẹ̀ àti ohun èlò oko tí a kọ àmì orúkọ rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá kórè ewébẹ̀, bàbá wọn a rà á lọ́wọ́ wọn ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Àwọn ọmọbìnrin sì ń kọ́ bí a ti ń se oúnjẹ níbẹ̀.

Ìgbádùn náà kò pẹ́. Albert kú ní Windsor ní oṣù Kejìlá ọdún 1861. Láti ìgbà náà ni Victoria ti wọ aṣọ dúdú títí ó fi kú, yàrá ọkọ rẹ̀ ní Osborne sì wà bí ó ti fi í sílẹ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 1878, Alexander Graham Bell mú tẹlifóònù wá hàn án nínú ilé náà. Ní ọdún 1890 sí 1891 ni a fi yàrá ńlá kan kún un, èyí tí Bhai Ram Singh, oníṣẹ́ ọnà láti ìlú Lahore, fi iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Íńdíà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Victoria ń jẹ́ ọba Íńdíà, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ rí.

Ó tó àkókò láti sọ ti ọmọ Yorùbá náà. Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ-ogun Dàhòmì fọ́ ìlú Òkè-Ọdán ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, wọ́n sì kó ọmọdébìnrin kan lẹ́rú, ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Àìná. Ní ọdún 1850, Ghezo ọba Dàhòmì fi í lé Frederick Forbes, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀ pè é: Sarah Forbes Bonetta. Victoria rí i ní Windsor, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń sanwó ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1862 ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó. Wọ́n sọ àkọ́bí wọn obìnrin ní Victoria, Ọbabìnrin sì di ìyá ìsàmì rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1880, Sarah kú ní erékùṣù Madeira, níbi tí ó ti lọ wá ìwòsàn àìsàn àyà. Àkọ́bí rẹ̀ ń bọ̀ wá kí Ọbabìnrin ní Osborne nígbà tí ìròyìn náà bá a. Inú ilé yìí ni ọmọ ọdún bíi 17 náà wọ̀ pẹ̀lú ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀, Ọbabìnrin sì kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Davies gbé ọwọ̀n òkúta kan dúró fún ìyàwó rẹ̀ ní Ìjọ̀n, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, níbi tí oko rẹ̀ wà, ọ̀kan nínú àwọn oko tí a ti kọ́kọ́ gbin kòkó ní Nàìjíríà.

Ọbabìnrin Victoria kú ní Osborne ní ọjọ́ 22 oṣù Kínní ọdún 1901. Ìfẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ogún ni pé kí ilé náà má kúrò nínú ìdílé. Ṣùgbọ́n Ọba Edward Keje, àrólé rẹ̀, ti ní ilé tirẹ̀ ní Sandringham. Àwọn àbúrò rẹ̀ kò sì fẹ́ gba ìnáwó irú ilé bẹ́ẹ̀ sọ́rùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì nínú àwọn obìnrin ní ilé lórí ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ tí a dé e ládé, ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1902, Edward fi Osborne ta orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ́rẹ. Òfin pàtó ni a sì ṣe sí i.

A sọ apá kan ilé náà di ibi ìtọ́jú àwọn ọ̀gágun tí ara wọn kò dá. Ibi tí ilé ẹṣin wà di ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ-ogun ojú omi láti ọdún 1903 títí di 1921. Méjì nínú àwọn àtọmọdọ́mọ Victoria, tí wọ́n padà jẹ Edward Kẹjọ àti George Kẹfà, wá gbé ibẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, lórí ilẹ̀ tí ìbá jẹ́ ogún wọn. Yàrá tí Victoria kú sí àti àwọn yàrá ìdílé wà ní títì pa títí di ọdún 1954, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì gbà kí a ṣí wọn fún ará ìlú. Láti ọdún 1986 ni English Heritage ti ń bójú tó Osborne. Ibi ìtọ́jú àwọn ọ̀gágun sì parí iṣẹ́ ní ọdún 2000.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni a gbé àwòrán tuntun kan kọ́ sára ògiri ilé náà. Hannah Uzor ni ó yà á, láti inú fọ́tò tí a yà ní ọdún 1862. Sarah ni, nínú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀.