Bí Iná Bá Sọ Lóru ní Ilé Àwa Akẹ́kọ̀ọ́

Bí mo bá dárúkọ ìjàǹbá iná láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé, "A ò ní rí i o!" Mo máa ń ṣe àmín. Síbẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe máa jáde.

Èéfín ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kú nínú iná ilé, èéfín ló ń pa wọ́n kí iná tó kàn wọ́n lára. Afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà nínú rẹ̀, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó máa ń gba ààyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ń sùn lè má jí mọ́. Nítorí pé òkè ni èéfín gbígbóná máa ń lọ, ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ṣì dára díẹ̀ máa ń wà. Ẹ má dúró ṣánṣán. Ẹ rákò, kí ẹ máa tọ ògiri lọ sí ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá gbóná, ẹ má ṣí i o. Ẹ fi aṣọ tútù dí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ lọ sójú fèrèsé, kí ẹ sì figbe ta.

Fèrèsé wo? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Ní ilé tí mò ń gbé, irin ni wọ́n fi dí gbogbo fèrèsé nítorí olè, wọ́n sì ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lálẹ́. Mo bi bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀gá àwọn ni, ọ̀gá náà kì í sì í sun ibẹ̀. Olè ò lè wọlé lóòótọ́, àwa náà ò sì lè jáde. Ẹ lọ béèrè kọ́kọ́rọ́ ilé tiyín lálẹ́ òní.

Ní ti gáàsì, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á; ẹ ti orí sílíńdà, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Bí òróró bá gbiná nínú páànù, ẹ pa iná sítóòfù, kí ẹ fi ọmọrí dé páànù náà. Ẹ má bu omi sí i láéláé.

Agolo pupa tí wọ́n fi ń pa iná, ìdí iná ni a ń darí rẹ̀ sí, kì í ṣe orí rẹ̀. Èyí tó kéré kì í pé ìṣẹ́jú kan kó tó tán, nítorí náà bí iná bá ti ń lá àjà, ẹ jù ú sílẹ̀ kí ẹ sá. Ẹ pe 112, ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ gidi tí ilé yín ń jẹ́ ni kí ẹ sọ fún wọn; àwọn panápaná ò mọ ìnagijẹ tí a fún un.

Ẹni tí iná bá jó, omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi tu ojú rẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Epo pupa àti ẹyin kò sí níbẹ̀.

Kí àwọn ará yàrá kọ̀ọ̀kan sì yan ibi tí wọn yóò ti ka ara wọn níta, kí ẹnikẹ́ni má bàa padà sínú iná láti wá ẹni tó ti jáde. Àwa ti yan ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi.