Ojú Lọ̀rọ̀ Wà ní Kíláàsì Adití

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó fẹ́ fi fóònù parí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wá sọ fúnra rẹ̀ la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn, òwe náà di òfin. Ohun tí ọmọ ò bá rí, olùkọ́ ò tíì sọ ọ́.

Nítorí náà, olùkọ́ tuntun tí wọ́n bá gbé kíláàsì adití lé lọ́wọ́ ní Cotonou, ní orílẹ̀-èdè Benin, kó kọ́kọ́ wo fèrèsé kó tó ronú kan àwòrán tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri. Bó bá dúró tí fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn tó ń tàn wọlé á sọ ojú àti ọwọ́ rẹ̀ di òjìji. Ọmọ á tẹjú mọ́ ọn títí, kò ní rí ètè, kò ní rí ìka. Ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn àwọn ọmọ ló yẹ kí fèrèsé wà, kí ìmọ́lẹ̀ máa bọ́ sójú olùkọ́. Bẹ́ńṣì náà, ẹ má tò ó ní ẹsẹẹsẹ bíi ti ilé-ìwé yòókù. Ọmọ tó wà níwájú ò ní rí ìdáhùn ẹni tó wà lẹ́yìn, ìdajì ẹ̀kọ́ á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ tò ó yípo, kí iwájú ṣí sílẹ̀ fún olùkọ́, kí oníkálùkù lè máa rí ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Olùkọ́ tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tó kọjú sí pátákó, ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Kó kọ̀wé tán, kó yíjú padà, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Tó bá fẹ́ kí wọ́n wo òun, kó pa iná kó tún un tàn. Ọjọ́ tí kò bá sí iná, kó ju ọwọ́ tàbí kó fọwọ́ kan ọmọ léjìká. Fífi ẹsẹ̀ lulẹ̀ dára lórí pákó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kì í gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá ọ̀pọ̀. Àwọn àgbà ní bí a ò bá rí àdán, a máa ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Páálí ṣúgà, agolo tòmátò, ìdérí ìgò, gbogbo rẹ̀ ló wúlò fún ìṣirò àti ìwé kíkà. Ẹ wo Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Alabama ní Amẹ́ríkà ní 1925. Àrùn yírùnyírùn sọ ọ́ di adití nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Ní 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Nígbà tó dé Accra ní 1957, kò ní ilé kankan. Kíláàsì tí wọ́n yá a ló ń lò, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn bá ti lọ sílé. Ní 1960, ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Ìbàdàn, níbẹ̀ náà ló sì ti kọ́ àwọn olùkọ́ láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ adití. Kó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Rwanda ní December 1987, ó ti dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó lé ní 10.

Ohun tó ṣòro jù kò sí lára ògiri. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ adití ló jẹ́ pé òbí tó ń gbọ́ràn ló bí wọn. Fọ̀n, Gùn tàbí Yorùbá ni wọ́n ń sọ yí ọmọ ká nílé, kò sì sí èyí tó wọ etí rẹ̀. Ọmọ lè tó ọdún méje kó má ní ju ìnawọ́ sí omi àti oúnjẹ lọ. Òpè kọ́, èdè ni wọn ò fún un. Ẹ má fi A, B, D lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fún un ní orúkọ tí ọwọ́ ń pè, kí ẹ sì kọ́ ọ ní àmì tó máa fi sọ pé inú ń run òun, pé òun fẹ́ lọ sí ilé ìtura, pé òun ò fẹ́. Faransé tí wọ́n ń lò nílé-ìwé á tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí àwọn kan ń fi sétí kò lè gba ipò èdè àmì. Gbogbo ariwo ló ń gbé sókè, títí kan òjò lórí páànù, ọ̀rinrin etí òkun sì tètè ń bà á jẹ́. Kí olùkọ́ ní àpótí kékeré tó dé pinpin, tó sì gbẹ, tí wọ́n á máa kó ẹ̀rọ náà sí.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àgbàlagbà adití kan nínú kíláàsì sàn ju àpótí ìwé lọ, nítorí èdè àmì ni èdè rẹ̀, àwọn ọmọ á sì rí i pé adití ń dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́mọ. Ní ilé-ìwé tó wà ní Louho, ní Porto-Novo, àwọn ọmọ adití àti àwọn tó ń gbọ́ràn jọ ń jókòó kàwé ni, àwọn tó ń gbọ́ràn náà sì ń kọ́ èdè àmì.

Orílẹ̀-èdè Benin ti ṣòfin lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní 2017. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ má ju olùkọ́ tuntun sínú kíláàsì yìí lóun nìkan. Ẹ kọ́kọ́ rán an lọ sí ilé-ìwé adití tó wà ní Vèdoko ní Cotonou, kó jókòó ti àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kó tó ra ṣọ́ọ̀kì kan.