Ẹnu Òrùka Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ̀wù olórùka irin la fẹ́ fi kọ́ sáyẹ́ǹsì lónìí. Òun ni àwọn jagunjagun Yúróòpù ń wọ̀ láyé àtijọ́ kí idà má baà ràn wọ́n. Irú rẹ̀ náà ni arìnrìn-àjò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Dixon Denham, bá lára àwọn ẹlẹ́ṣin Bornu ní 1823. Ní báyìí, ẹnìkan lè jókòó sí ilé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì, kó gbé ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún títà, kó ní ó ti pẹ́, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Òótọ́ lè ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe pẹ́ tó? Kí ni wọ́n fi ṣe é? Ṣé ó ṣì lágbára?

Àwòrán tí wọ́n yà látòkèèrè kò lè dáhùn. Nínú fíìmù Monty Python and the Holy Grail tó jáde ní 1975, òwú tí wọ́n hun tí wọ́n sì kùn ní àwọ̀ fàdákà ni àwọn òṣèré wọ̀, ojú òǹwòran sì gbà á sí irin. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya òrùka márùn-ún péré, kó sún mọ́ ọn dáadáa, kí rúlà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, òrùka kọ̀ọ̀kan ń kọjá nínú mẹ́rin mìíràn. Kí òrùka méjì tó lè kọ́ ara wọn, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn ní láti lẹ́nu, ẹ̀yìn náà ni wọ́n á wá pa ẹnu ọ̀hún dé. Bí wọ́n ṣe pa á dé ló ń sọ ìtàn. Àwọn alágbẹ̀dẹ Yúróòpù láyé àtijọ́ á lu etí méjèèjì di pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé ọ̀kan lé èkejì, wọ́n á dá a lu, wọ́n á sì kan ìṣó tín-ń-tín mọ́ ọn. Ẹni tó ń ṣe é nílé lóde òní kì í sábà ṣe wàhálà yẹn. Ó ń ká wáyà mọ́ ọ̀pá irin, ó ń gé e lóròó, ó sì ń fi ẹmú méjì tẹ ẹnu òrùka títí etí méjèèjì yóò fi kan ara wọn. Bó bá jẹ́ ẹmú ìgé wáyà ló fi gé e, etí náà á ṣe ṣóńṣó. Bó bá jẹ́ ayùn, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Society for Creative Anachronism, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣàfarawé ìgbé ayé àtijọ́, sílẹ̀ ní California ní 1966, àìmọye èèyàn ló ti ṣe irú rẹ̀ fúnra wọn. Ẹ má sì tìtorí èyí sọ pé ẹnu tí kò níṣòó ti tuntun ni dandan, nítorí àwọn ará Japan náà ṣe irú rẹ̀ láyé àtijọ́.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ wàyí. Ọ̀pọ̀ páànù orí ilé wa àti wáyà ọgbà tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣe ẹ̀wù yìí, irin tí wọ́n fi sínkì bò ni méjèèjì. Sínkì ló ń kọ́kọ́ jẹrà, tó ń di lẹ́búlẹ́bú funfun, irin abẹ́ rẹ̀ kò sì ní dógùn-ún títí sínkì yóò fi tán. Ọdún 1837 ni ẹnìkan tó ń jẹ́ Sorel gba ìwé ẹ̀tọ́ fífi sínkì bo irin ní ilẹ̀ Faransé. Bí ẹ bá rí sínkì lára wáyà, tí ojú ibi tí wọ́n gé sì jẹ́ irin lásán, a jẹ́ pé wọ́n ti bo wáyà kí wọ́n tó gé e. Ẹni tó bá pe irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ní ogún àwọn jagunjagun Yúróòpù ayé àtijọ́ ń tan yín, tàbí kí wọ́n ti tan òun náà.

Ẹ wá béèrè ìwúwo rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá irin ni tàbí álúmíníọ́mù. Ká ní wáyà nípọn tó mìlímítà 2, tí ihò òrùka sì fẹ̀ tó 10. Láti àárín wáyà lápá kan dé àárín rẹ̀ lápá kejì jẹ́ 12. Ẹ fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀: tí ẹ bá na òrùka náà tọ́, yóò gùn tó bí mìlímítà 38. Bí ẹ bá fi ìgbòòrò ojú ibi tí wọ́n gé wáyà sọ gígùn yìí di púpọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.118 sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì. Sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan irin wúwo tó gíráàmù 7.85, ti álúmíníọ́mù jẹ́ 2.7 péré. Nítorí náà òrùka irin kan jẹ́ 0.93 gíráàmù, ti álúmíníọ́mù jẹ́ 0.32. Ẹ ka iye òrùka tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá níbùú lóròó, kí ẹ fi fojú díwọ̀n iye tó wà nínú gbogbo ẹ̀wù. Bó bá tó 12,000, ẹ̀wù irin yóò lé ní kílò 11, ti álúmíníọ́mù kò ní pé mẹ́rin. Òòfà náà lè ràn yín lọ́wọ́: kì í fa álúmíníọ́mù rárá.

Ní ti agbára, ẹ rántí pé bí òrùka méjì bá fẹ̀ bákan náà, tí wáyà ọ̀kan nípọn ní ìlọ́po méjì ti èkejì, agbára tó máa là á lẹ́nu yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ rúlà. Òrùka èjìká ló sì ń gbé ìwúwo gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ àti abẹ́ apá ni ẹnu ti sábà máa ń là. Ẹ béèrè fún àwòrán ibẹ̀. Ihò díẹ̀ kò burú, ẹmú méjì àti sùúrù á dí i.

Bí ẹ bá rà á, ẹ má fi iná jó o kó lè dúdú bíi ti àtijọ́: èéfín sínkì máa ń fa ibà àti ìgbọ̀n. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú fínígà náà, nítorí ásíìdì ń jẹ sínkì. Omi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ kíákíá, kí ẹ sì fi epo díẹ̀ pa ibi tí irin bá ti hàn síta.