Ẹ Kọ́kọ́ Bi Ẹni Tí Yóò Lò Ó

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń múra láti di alákòóso ilé ìwòsàn, ẹ fetí sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè yín sí ìgbìmọ̀ tí yóò ra ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tajà ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Owó ńlá ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gbà. Èyí tí a bá ṣì rà, ara aláìsàn ni ìyà rẹ̀ ń bọ́ sí.

Ẹ bi àwọn dókítà pé, kí lẹ fẹ́ kí àwòrán yìí sọ fún yín? Ẹ wo ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣàdédé kọlù. Wọ́n gbọ́dọ̀ tètè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú ọpọlọ rẹ̀ ni, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì lè pa ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ọpọlọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ̀rọ CT máa fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. MRI ń rí ọ̀pọ̀ nǹkan tí CT kò rí, àmọ́ ó máa ń pẹ́ jù ú lọ, òòfà rẹ̀ sì lágbára débi pé ó lè fa àgbá ọ́síjìn mọ́ra kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ pa èèyàn. Aboyún tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lóru, skáànì ultrasound ni yóò kọ́kọ́ nílò. Ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí, tí kò ṣeé gbé kúrò lórí ibùsùn, X-ray tó ṣeé tì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa wúlò fún un.

Ẹ má sì bi ọ̀gá àgbà nìkan. Ayàwòrán tó ń ṣiṣẹ́ òru ló mọ̀ bóyá tábìlì ẹ̀rọ náà ń wálẹ̀ tó fún arúgbó. Nọ́ọ̀sì ló mọ̀ bóyá ibùsùn alágbèéká á gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló mọ bí iná ìlú ṣe rí, òun náà ló sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ MRI ń lo helium olómi tó tutù dé nǹkan bí 269 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tó wu dókítà ni iṣẹ́ rẹ̀ nílò. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ẹ̀rọ kan, kó sọ irú aláìsàn tí yóò lò ó fún, iye wọn lọ́sẹ̀, àti ohun tí àwòrán náà yóò yí padà nínú ìtọ́jú wọn. Bí kò bá ní yí nǹkan kan padà, ẹ wá ohun mìíràn fi owó náà rà.

Bí CT fúnra rẹ̀ ṣe dé ilé ìwòsàn kọ́ wa lọ́gbọ́n. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni Godfrey Hounsfield tó ṣe é, kì í ṣe dókítà. James Ambrose, dókítà tó ń ka àwòrán ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù, ló bá a ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ àti ẹni tó mọ àìsàn jọ jókòó ni. Ẹ̀yin náà, ẹ mú wọn jókòó pọ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ jẹ́ kí àwọn tí yóò lò ó dán an wò. Ẹ rí i pé àwòrán rẹ̀ ń dé wọ́ọ̀dù. Ẹ kọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àtúnṣe àti ohun èlò ìpààrọ̀ sínú àdéhùn. Ní Nàìjíríà, ẹ gba ìwé àṣẹ NNRA, àjọ tó ń bójú tó lílo ìtànṣán, fún X-ray àti CT. Bí ọ̀gá bá ń kánjú, ẹ fi ọ̀wọ̀ tọrọ àyè díẹ̀ sí i. Ìyẹn kì í ṣe àfojúdi. Iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ fi yín sínú ìgbìmọ̀ nìyẹn.