Bí A Ṣe Lè Mú Inú Ihò Igi Jọ̀lọ̀

Ìfági kò lè wọ inú ihò ìdìmú tí a gbẹ́ sí ara àtẹ. Bí a bá sì fi ìka ti sáńpépà níbẹ̀, ìka a máa tẹ ibi kan ju ibòmíràn lọ, ojú igi a sì rí gbágungbàgun. Igi róbótó tí a we sáńpépà mọ́ ni ó yẹ iṣẹ́ náà.

A mú igi líle tí ó gùn ní íǹṣì 4, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 2. A lu àárín rẹ̀ já fún bóótù. Bí ihò yìí bá wọ́, asán ni gbogbo rẹ̀. A fi ayùn la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní gígùn, a sì lẹ rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn kí ó má ba à le jù.

Níhìn-ín ni a ti ṣìnà. A ti gé sáńpépà kí a tó lẹ rọ́bà: íǹṣì 2 lọ́nà 3 àti ìdá 1 nínú 7, pẹ̀lú díẹ̀ fún etí méjèèjì. Rọ́bà sọ igi di ńlá sí i, pépà kò sì ká a mọ́. Ìṣirò wa tọ̀nà. Ohun tí a wọ̀n ni kò tọ̀nà! Owó pépà kejì sì ti inú àpò wa jáde.

Nítorí náà, ẹ lẹ rọ́bà ná, kí ẹ fi okùn wọn àyíká rẹ̀, kí ẹ tó gé pépà. Ẹ ki etí méjèèjì bọ ojú tí ayùn là, kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ há a. Ẹ fi bóótù sí ẹnu ẹ̀rọ ìlugi alọ́wọ́. Kí ẹnì kan máa yí i, kí ẹnì kejì máa fi iṣẹ́ náà kàn án wẹ́rẹ́, láìdúró lójú kan.